Ẹgbẹ́ Ayàwòrán Ọjọ́ Sátidé

(Ọ̀rọ̀ tí ọ̀kan nínú wa sọ níbi ìpàdé ọdọọdún ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́, ní gbọ̀ngàn ilé ẹ̀kọ́ wa, Òṣogbo)

   

Nígbà tí sẹ́kítárì wa pè mí lórí fóònù pé kí n wá sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́ ọnà, mo rò pé ó ṣi nọ́ńbà pè ni. Mo ní, "Ọ̀gá sẹ́kítárì, ẹ wá ẹni tó kàwé rẹ̀ o. Ọ́fíìsì àwọn awọnlẹ̀ ni èmi ti fẹ̀yìntì." Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ìwọ gan-an là ń wá. Gbogbo ẹ̀yin tí ẹ máa ń pàdé ní Sátidé yẹn, ta ló kàwé rẹ̀ nínú yín?" Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára, nítorí òótọ́ ni. Nínú àwa 14 tó kù nínú ẹgbẹ́ wa, kò sí ẹnì kan tí iṣẹ́ ọnà ń bọ́. Nọ́ọ̀sì wà níbẹ̀, dírẹ́bà wà níbẹ̀, tíṣà ìṣirò wà níbẹ̀, ìyá tó ń ta iṣu náà wà níbẹ̀. Nítorí náà, mi ò wá kọ́ ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. Ìtàn mẹ́ta ni mo mú wá, ẹ̀bẹ̀ á sì tẹ̀lé e. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi, oúnjẹ kò ní pẹ́ dé.

Ìtàn kìíní, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Ẹ rántí yàrá kan lẹ́yìn ibi tí wọ́n ń kó ọkọ́ àti àdá sí, èyí tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí igi máńgòrò. Ibẹ̀ ni ọ̀gá wa tó kọ́ wa ní yíyàwòrán máa ń kó wa jọ sí ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀. Kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere. Ìpàdé yẹn kò sí nínú tímútébù. Wọn kì í fún wa ní máàkì. Ẹni tó bá wù ló ń wá, a sì máa ń tó ogún. Ọ̀gá á gbé ìkòkò omi tàbí odidi ìdì ọ̀gẹ̀dẹ̀ sórí tábìlì, wọ́n á ní, "Ẹ kọ́kọ́ wò ó dáadáa. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tíì fọwọ́ kan pẹ́ńsùlù." Tí a bá yà á tán, a ó lẹ gbogbo rẹ̀ mọ́ ògiri. Kálukú á wá dúró níwájú iṣẹ́ ẹlòmíràn, á sọ ohun kan tó rí níbẹ̀. Bí o bá ní, "Ó dára, sà," wọ́n á ní, "Mo gbọ́. Kí lo rí?" Bí o bá ní, "Kò dára, sà," wọ́n á tún ní, "Mo gbọ́. Kí lo rí?" Mo rí i pé àwọn kan ti ń rẹ́rìn-ín níbẹ̀ yẹn. Ẹ rántí, àbí?

Ní ọdún kejì, wọ́n gbé ọ̀gá lọ sí ilé ẹ̀kọ́ mìíràn. Ohun tó ń yà mí lẹ́nu títí di òní ni pé kí sáà kan tó parí, Ọjọ́bọ̀ wa ti kú. Ẹ jẹ́ ká bi ara wa. Ṣé ọwọ́ wa ló rọ ni? Ṣé ojú wa ló fọ́? Ẹni tó mọ ẹṣin yà láàárín wa ṣì mọ̀ ọ́n yà. Ẹni tó ń ya tíṣà sí ẹ̀yìn ìwé ṣì ń ya tíṣà. Pẹ́ńsùlù wà, páálí wà. Ohun tí kò sí mọ́ ni ẹni tí yóò ṣí ilẹ̀kùn ní agogo mẹ́rin, tí yóò sì bi wá pé kí la rí. Níbẹ̀ ni mo ti kọ́ ọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mi ò mọ̀ nígbà náà pé mo kọ́ ọ: ẹ̀bùn kọ́ ló kọ́kọ́ ń kú. Ibi ìpàdé ló kọ́kọ́ ń kú. Ẹ̀bùn á wá tẹ̀lé e lẹ́yìn, jẹ́jẹ́, láìpariwo.

Tèmi náà tẹ̀lé e. Bàbá mi sọ fún mi pé ẹni tó bá ń yàwòrán kò ní rówó fẹ́yàwó. Wọn kò ṣìkà o, ìfẹ́ ni wọ́n fi sọ ọ́. Mo bá wọ iṣẹ́ ọba, mo di ẹni tó ń ya àwòrán ilẹ̀ ní ọ́fíìsì. Ọdún 31 ni mo fi rúlà fa ààlà ilẹ̀ onílẹ̀. Mo ya ilẹ̀ ọba, mo ya ilẹ̀ ìjòyè, mo ya ilẹ̀ tí wọ́n ń torí rẹ̀ lọ sí kóòtù. Mi ò ya ojú ìyá mi títí wọ́n fi kú.

Ìtàn kejì, ti ìlú wa ni. Àwọn ọmọ wa tó wà ní Èkó àti òkè òkun máa ń gbọ́ pé Òṣogbo ní ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà kan tó lókìkí káàkiri àgbáyé. Wọ́n á rò pé ilé ńlá kan ni, tó ní géètì àti yunifọ́ọ̀mù. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ibi ìpàdé ni.

Ní 1961, Ulli Beier, ará Jámánì tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ yunifásítì Ìbàdàn, àti àwọn òǹkọ̀wé bíi Wọlé Ṣóyínká, Christopher Okigbo àti Chinua Achebe, dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ ní Ìbàdàn. Mbari ni wọ́n pè é. Ọ̀rọ̀ Ígbò ni, ó jẹ mọ́ ilé amọ̀ tó kún fún ère, tí wọ́n máa ń kọ́ fún òrìṣà ilẹ̀. Ní àkókò yìí kan náà, Dúró Ládípọ̀, ọmọ Òṣogbo, tó ti ṣe tíṣà rí, kọ orin ọdún Àjíǹde fún ṣọ́ọ̀ṣì, ó sì fi ìlù ìbílẹ̀ sí i. Àwọn kan nínú ìjọ kò fẹ́ gbọ́ irú ìlù bẹ́ẹ̀ nínú ilé Ọlọ́run. Bí ilẹ̀kùn kan ṣe tì nìyẹn. Ó wá ibòmíràn tí yóò ti kọ orin rẹ̀. Ó rí Mbari ti Ìbàdàn, ó ní Òṣogbo náà gbọ́dọ̀ ní irú rẹ̀. Ní 1962, ilé ọtí rẹ̀ ni wọ́n sọ di ibi ìpàdé yìí. Nígbà tí àwọn ará ìlú gbọ́ "Mbari," etí Yorùbá ni wọ́n fi gbọ́ ọ. Wọ́n sọ ọ́ di Mbárí Mbáyọ̀: bí mo bá rí i, n óò yọ̀. Ẹ wo bí ìlú ṣe ń gba àlejò tó sì ń sọ ọ́ di ọmọ ilé.

Eré Ọba Mọrọ̀ ni wọ́n fi ṣí i ní 1962. Nígbà tó pé ọdún kan, ní 1963, wọ́n ṣe Ọba Kò So níbẹ̀. Ní 1964, eré kan náà yìí ti dé Berlin. Láti ilé ọtí ní Òṣogbo o!

Ti àwòrán ni mo ń bọ̀ wá sí. Ní Mbárí Mbáyọ̀ yẹn, wọ́n máa ń ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún ọjọ́ díẹ̀, ẹni tó bá wù ló ń wọlé. Denis Williams, ọmọ ilẹ̀ Guyana, ló kọ́kọ́ darí rẹ̀. Ní 1964, Georgina Beier ṣe tirẹ̀. Ta ni àwọn tó wọlé? Jímọ̀ Búráímọ̀, tó ń bójú tó iná fún ẹgbẹ́ tíátà Dúró Ládípọ̀. Twins Seven-Seven, oníjó tó bá olóògùn kan rìn wọ ìlú. Múráínà Oyèlámì, ọmọ Ìràgbìjí, tó ń ṣeré tíátà, tó sì ń lùlù. Rufus Ògúndélé àti Jacob Afọlábí, òṣèré ni àwọn náà. Kò sí ẹni tó wá gba sáátífíkéètì nínú wọn. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀ yẹn, àwọn tí iṣẹ́ náà wọ̀ lára ń padà wá, Georgina sì ń wo iṣẹ́ wọn, ó ń bá wọn sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀. Kò ní kí wọ́n ṣe bíi tòun. Nítorí náà ni iṣẹ́ ọ̀kan kò fi jọ ti èkejì. Búráímọ̀ ń fi ìlẹ̀kẹ̀ ya tirẹ̀. Twins Seven-Seven ń fi lẹ́ẹ̀dì kún pátákó pẹ̀lú iwin àti ẹranko tínńtínní títí tí kò fi ní sí àyè tí abẹ́rẹ́ lè bọ́ sí. Ẹgbẹ́ kan ni wọ́n, ojú ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ní.

Ẹ tún wo àwọn mìíràn nínú ìlú yìí kan náà. Àṣírù Ọlátúndé, ọmọ alágbẹ̀dẹ, ń lu ìtàn sára bàbà, nígbà tó yá ó ń lù ú sára alumíníọ̀mù. Adébísí Àkànjí, bíríkìlà ni. Sìmẹ́ǹtì tó fi ń kọ́lé náà ló fi mọ ère sínú igbó Ọ̀ṣun pẹ̀lú Susanne Wenger, Àdùnní Olórìṣà. Káfíńtà wà lára àwọn tó bá wọn ṣiṣẹ́ níbẹ̀, agbẹ́gi wà níbẹ̀. Igbó tí àwọn bíríkìlà àti káfíńtà yìí fi ọwọ́ wọn tún ṣe ni àjọ UNESCO kọ orúkọ rẹ̀ sára ogún gbogbo ayé ní 2005. Ní ọdún kan náà ni àjọ yìí fi Twins Seven-Seven ṣe oníṣẹ́ ọnà fún àlàáfíà.

Ní ìparí 1966, Ulli àti Georgina Beier fi Nàìjíríà sílẹ̀. Dúró Ládípọ̀ jáde láyé ní 1978, Àdùnní ní 2009, Twins Seven-Seven àti Ulli Beier ní 2011. Àwọn tó yege nínú wọn la mọ orúkọ wọn. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ènìyàn mi, ilẹ̀kùn tó bá ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ayé, ó dá mi lójú pé àwọn mìíràn á ti gbabẹ̀ wọlé, wọ́n á ti ya àwòrán kan tàbí méjì, wọ́n á sì padà sídìí iṣẹ́ wọn. Èmi ò ka tiwọn sí òfò. Àwọn ni wọ́n ń dúró wo iṣẹ́ àwọn tó yege, tí ojú wọn mọ ohun tí wọ́n ń wò. Irú wọn ni àwa ẹlẹ́gbẹ́ Sátidé. Ojú wa ò kúrò níbẹ̀, a kò sì tijú.

Ìtàn kẹta nìyí, òun ló gbé mi dé iwájú yín.

Mo fẹ̀yìntì ní 2015. Oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, mo sùn. Oṣù mẹ́ta kejì, mo ń bá ìyàwó mi jà lórí ibi tí wọ́n ń gbé ṣíbí sí. Ẹ̀yin tí ẹ ti fẹ̀yìntì mọ ohun tí mò ń sọ. Ní ọjọ́ kan, mo lọ gba ṣòkòtò lọ́dọ̀ télọ̀ mi. Mo ti ń rán aṣọ lọ́dọ̀ wọn láti bí ọdún mẹ́wàá, mi ò wọ yàrá ẹ̀yìn rí. Ọjọ́ yẹn òjò dé, wọ́n ní kí n wọlé. Mo rí pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí àwọn káfíńtà fi ń ṣe àjà, ó fara ti ògiri yíká. Wọ́n ti fi àjákù aṣọ ya àwòrán sára gbogbo rẹ̀: ànkárá, àdìrẹ, léèsì, aṣọ òkè. Ọjà Ọba wà níbẹ̀. Egúngún wà níbẹ̀, aṣọ gidi ló wọ̀. Ọkọ̀ ojú irin wà ní téṣàn, èéfín rẹ̀ jẹ́ àjákù léèsì funfun tí ìyàwó kan fi ṣe ìgbéyàwó. Mo dúró títí òjò fi dá. Ọ̀gá télọ̀ ní, "Ó dára, àbí kò dára?" Ẹnu mi ló sọ ọ́, kì í ṣe èmi. Mo ní, "Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo rí fún yín."

Bí ẹgbẹ́ ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, èmi àti òun, nínú ṣọ́ọ̀bù. Nígbà tó yá, nọ́ọ̀sì kan tó wá rán yunifọ́ọ̀mù dara pọ̀. Ó mú tíṣà ìṣirò wá, tíṣà mú dírẹ́bà wá. Kí ọdún kejì tó pé, a ti di 22.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí a ti ń ṣe é, bóyá ó lè wu ẹnì kan. Sátidé kejì àti Sátidé tó kẹ́yìn nínú oṣù ni, agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Ẹ mọ Sátidé ní ilẹ̀ wa: òkú ń bẹ, ìgbéyàwó ń bẹ. Ìdí nìyẹn tí a fi fi sí agogo mẹ́rin. Ẹni tó bá ti òde dé pẹ̀lú aṣọ ẹbí, a kì í lé e, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ mú mọ́ín-mọ́ín dání, òun náà ló sì máa jókòó kí a ya gèlè rẹ̀. Owó oṣù jẹ́ ₦500, owó ìtanràn apẹ́lẹ́yìn jẹ́ ₦100. Pépà wa kò wọ́n wa, nítorí ẹ̀yìn kàlẹ́ńdà àtijọ́ la fi ń ṣe é. Kò sí ilé kan ní Òṣogbo tí kò ní kàlẹ́ńdà ìsìnkú tàbí ti ìwúyè mẹ́ta, mẹ́rin. Iwájú rẹ̀ olóyè, ẹ̀yìn rẹ̀ funfun báláú.

Ìyá oníṣu wa kì í lo kàlẹ́ńdà ní tiwọn. Èédú ni wọ́n ń lò, lórí pépà àpò sìmẹ́ǹtì. Iṣu ni wọ́n ń yà, iṣu nìkan. A bi wọ́n pé kí ló dé. Wọ́n ní, "Ẹ̀yin ń wo iṣu, ẹ ń rí iyán. Èmi ń wo iṣu, mò ń rí ojú rẹ̀." Láti ọjọ́ tí mo ti rí iṣu tí ìyá yẹn yà, mi ò lè kọjá ní ìsọ̀ oníṣu kí n má dúró.

Ìjà náà kì í sì í ṣàì wà. Tíṣà ìṣirò ya ewúrẹ́ kan. Nígbà tó kan ìyá oníṣu láti sọ ohun tí wọ́n rí, wọ́n ní, "Tíṣà, mo rí ẹran kan tí kò tíì jẹun láti ìjẹta, tó sì fẹ́ gbó bí ajá." Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín. Tíṣà bínú, kò wá fún ìpàdé méjì. Ní ẹ̀kẹta, a kàn rí i tó fa ewúrẹ́ gidi dé, ó so ó mọ́ òpó ṣọ́ọ̀bù. Ó ní, "Ó yá, kálukú yà á, ká wo ti ta ló máa jọ ewúrẹ́!" A ya ewúrẹ́ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn títí ilẹ̀ fi ṣú. Kò sí ti ẹnikẹ́ni tó jọ ewúrẹ́. Ewúrẹ́ náà jẹ ti dírẹ́bà ní àjẹtán. Láti ọjọ́ náà, kò sí ẹni tó tún bínú mọ́.

Lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, a máa ń lọ sí igbó Ọ̀ṣun, kálukú á yan ère kan, á jókòó tì í fún wákàtí méjì. Lẹ́ẹ̀kan lọ́dún bákan náà, a máa ń pàtẹ. Okùn tí wọ́n ń sá aṣọ sí la máa ń na yíká àgbàlá ọ̀gá télọ̀, a ó fi àwòrán kọ́ ọ bí ẹni sá aṣọ. Àwọn ará àdúgbò á wá, alákàrà á wá, àwọn ọmọ kéékèèké á wá. A kì í kọ iye owó sí i. A kì í sì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lọ láìsọ ohun kan tó rí.

Ibi tó dùn mí ni mo kàn yìí.

Ní ìgbà òjò ọdún kan, ọ̀gá télọ̀ sọ fún mi pé, "Ọ̀gá awọnlẹ̀, yàrá kan ṣófo lọ́dọ̀ yín láti ìgbà tí àwọn ọmọ ti lọ. Ẹ bá mi kó àwọn pákó yìí síbẹ̀. Òrùlé ṣọ́ọ̀bù ń jò." Àwọn pákó náà lé ní 40 nígbà náà. Mo ní kò burú, ẹ jẹ́ kí òjò dáwọ́ dúró. Òjò dáwọ́ dúró, mi ò ṣe nǹkan kan. Kì í ṣe pé mi ò fẹ́. Mo ń sọ pé lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ mọ "lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀" yẹn.

Ní oṣù kejìlá, mo lọ kí ọmọ mi obìnrin ní Abuja, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Ibẹ̀ ni wọ́n ti pè mí pé ọ̀gá télọ̀ ṣàìsàn ọjọ́ mẹ́rin, wọ́n sì ti sùn. Nígbà tí mo máa fi dé, wọ́n ti sin wọ́n, onílé sì ti ní kí wọ́n kó ẹrù kúrò ní ṣọ́ọ̀bù. Àwọn ẹbí kó ẹ̀rọ ìránṣọ, wọ́n kó àga, wọ́n kó áyọ́ọ̀nù. Pákó ńkọ́? Káfíńtà kan ra díẹ̀. Wọ́n fi díẹ̀ dáná oúnjẹ ìsìnkú. Nígbà tí mo dé ilé wọn, mo wọ ẹ̀yìnkùlé, mo rí ilẹ̀kùn ilé adìyẹ. Pákó ni. Mo yí ojú rẹ̀ kejì wò. Ọkọ̀ ojú irin ni, pẹ̀lú èéfín léèsì. Àwọn adìyẹ ló ń wò ó.

Mi ò bínú sí ọmọ wọn. Ó ní, "Bàbá, mo rò pé àjákù aṣọ tí wọ́n lẹ̀ mọ́ pákó lásán ni." Ta ló sọ fún un? Bàbá rẹ̀ kò sọ, nítorí wọ́n ń tijú. Àwa ẹgbẹ́ kò sọ, nítorí a rò pé ó mọ̀. Èmi tí wọ́n bẹ̀, mo ń dúró de ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Mo ra pákó tuntun, mo bá a ṣe ilẹ̀kùn mìíràn fún ilé adìyẹ, ó sì fún mi ní tàtijọ́. A rí méjì mìíràn gbà padà. Mẹ́ta nínú ohun tó lé ní 40. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà nínú yàrá tó ṣófo yẹn nísinsìnyí.

Nígbà tí ṣọ́ọ̀bù lọ, ìpàdé náà dáwọ́ dúró. Oṣù márùn-ún gbáko. Mo ń wò ó, mo ń rí Ọjọ́bọ̀ wa àtijọ́. Kò sí ẹni tó bá ẹnì kan jà, kò sí ẹni tó ní òun kò ṣe mọ́. Ilẹ̀kùn ni kò sí. Nọ́ọ̀sì wa ló ní kí a máa bọ̀ ní pálọ̀ òun, Ọlọ́run bù kún un. Ibẹ̀ la wà títí di òní, àwa 14. Mẹ́jọ kò padà wá mọ́. Pálọ̀ náà kò sì gbà ju mẹ́wàá lọ. Àwọn tó kù ń jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n ń na ọrùn bí àgùnfọn.

Ẹ̀bẹ̀ mi nìyí o, mẹ́ta ni.

Àkọ́kọ́: yàrá wa àtijọ́ yẹn ṣì wà. Mo lọ wò ó ní àárọ̀ yìí kí n tó wọ gbọ̀ngàn. Àga tó ti kán ló kún inú rẹ̀ dé òrùlé, igi máńgòrò ti gé, ṣùgbọ́n ògiri rẹ̀ dúró ṣinṣin. Mò ń bẹ ẹgbẹ́ yìí kí ẹ bá wa bá ọ̀gá àgbà sọ̀rọ̀, kí wọ́n fún wa ní yàrá náà ní Sátidé méjì lóṣù, agogo mẹ́rin sí mẹ́fà. Àwa fúnra wa ni yóò kó àga, tí yóò tún ilẹ̀kùn ṣe, tí yóò kun ún. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá wù, kó wọlé lọ́fẹ̀ẹ́. Mo bi àwọn ọmọ tó ń pín omi fún wa lónìí bóyá wọ́n ń kọ́ wọn ní yíyàwòrán. Wọ́n ní tíṣà rẹ̀ kò sí. Àwa kì í ṣe tíṣà o. Ṣùgbọ́n a lè ṣí ilẹ̀kùn, a sì lè bi ọmọ pé kí lo rí.

Èkejì: ẹ dé ilé, ẹ wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ẹ wo òkè àjà. Mo mọ̀ pé ẹni tó ń ya ẹṣin yẹn kò sọ gbogbo rẹ̀ nù. Ohun tí ẹ yà, ohun tí ìyá yín hun, ère tí bàbá yín gbẹ́ kí wọ́n tó kú, ẹ gbé e síta. Ẹ kọ orúkọ ẹni tó ṣe é àti ọdún rẹ̀ sí ẹ̀yìn. Ẹ fi fóònù yà á. Ẹ pe àwọn ọmọ yín, ẹ sọ fún wọn ohun tó jẹ́. Iṣẹ́jú márùn-ún ni. Bí a bá fún ọmọ ọ̀gá télọ̀ ní iṣẹ́jú márùn-ún yẹn, àwọn adìyẹ kò ní rí ọkọ̀ ojú irin.

Ẹ̀kẹta: ẹ wá. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé Òṣogbo, Ìkìrun, Ẹdẹ, Ìlọbùú, kò jìnnà. Ẹ má sọ pé ọwọ́ yín ti le. Tèmi le ju tiyín lọ, ọdún 31 ni rúlà fi wà nínú rẹ̀. Ìgbà mẹ́fà ni mo ti gbìyànjú láti ya ojú ìyá mi láti inú ìrántí. Kò tíì jọ wọ́n. Nígbà tí mo gbé ẹ̀kẹfà kọ́ ògiri, tó kan ìyá oníṣu láti sọ ohun tí wọ́n rí, wọ́n dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, wọ́n ní, "Mo rí etí wọn. Etí yẹn, ó dá mi lójú pé tiwọn ni." Òótọ́ ni. Etí náà ni mo kọ́kọ́ rántí. Ẹ ò rí i, mi ò bá má mọ̀ bí mo bá dá jókòó sílé.

Nípa ti owó, mi ò béèrè o. Ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni bá fi tipátipá fún wa, a kò ní bá a jà.

Ẹ̀yin olùkọ́ wa tó wà níjókòó, ẹ ṣeun. Bí ẹ kò bá tilẹ̀ rántí orúkọ wa mọ́, ìbéèrè tí ẹ bi wá kò kúrò létí wa. Ọlọ́run yóò jẹ́ kí ẹ pẹ́ fún wa. Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Bí mo bá ṣi ọ̀rọ̀ kankan sọ, ẹ fi orí jì mí. Ní ọdún tó ń bọ̀, bí Elédùà bá jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀, inú yàrá yẹn ni mo fẹ́ kí a ti kí ara wa, kí pákó mẹ́ta ọ̀gá télọ̀ wà lára ògiri. Nígbà náà, kálukú yóò dúró níwájú wọn, yóò sì sọ ohun kan tó rí.

 Oúnjẹ ti dé.